Ọ̀dùnkún Lammert àti Yàrá Mi ní Grado

Ọjọ́ tí Lammert ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà ni wàhálà wa bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ìrọ̀lẹ́ nìkan la máa ń ríra, a sì ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Àmọ́ nígbà tó di pé ojú mi lojú rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, a wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì yanjú láti ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra wa: ibo ló yẹ kí ènìyàn sùn tó bá lọ ìsinmi?

Lammert ní inú kámpà ni, ìyẹn ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tí wọ́n ṣe ibùsùn, sítóòfù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré sínú rẹ̀, tí olówó rẹ̀ á máa wà kiri Yúróòpù. Ní àdúgbò wa ní ìlú Ommen, ẹni tí kò bá ní ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ènìyàn á máa bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Èmi ní yàrá ni. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì ńlá o. Yàrá kékeré kan ní ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú tó mi lọ́rùn, tí ó bá ṣáà ti ní ibùsùn tí ẹlòmíràn tẹ́, fèrèsé kan, àti kọfí àárọ̀ tí ẹlòmíràn sè. “Ẹlòmíràn” yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ogójì ọdún la fi ń lọ ìsinmi nínú àgọ́. Nígbà tí Wieke ọmọ wa ṣì wà lẹ́yìn mi, inú àgọ́ ni. Nígbà tí òjò lé wa kúrò ní Faransé, inú àgọ́ ni. A sì pín iṣẹ́ láàrin ara wa: Lammert á pa àgọ́, èmi á ṣe ìyókù. Tó bá ti pa àgọ́ tán, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Á gbé àga síta, á máa kí àwọn tó ń kọjá. Èmi ni màá kó abọ́ ìdọ̀tí sínú ọpọ́n rọ́bà, màá gbé e sí ìbàdí, màá rìn gba àárín àgọ́ àwọn ènìyàn lọ sí ibi ìfọbọ́, màá sì tò sórí ìlà. Mo ti fọ abọ́ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Tí ẹnì kan bá bi mí pé báwo ni Spain ṣe rí, ohun tí mo máa ń rántí ni pé omi wọn kì í gbóná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, tí mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, tí mo sì kọ̀wé sára kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí. Ibẹ̀ ni gbogbo àwa ará Ommen ń gbé irú kàlẹ́ńdà yẹn kọ́ sí, ní ọ̀kánkán ojú ẹni tó bá jókòó, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ òun. Ní iwájú ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, tí í ṣe ọjọ́ tí ìgbéyàwó wa máa pé ogójì ọdún, mo kọ ọ́ gàdàgbà: “Grado. Ibùsùn.” Grado ni ìlú etí òkun ní Italy tí a lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, níbi tí òjò ti ya wọ inú àgọ́ tí a fi jókòó sùn mọ́jú. Mo ti bá obìnrin kan tó ní ilé àlejò níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo sì ti gba yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀: kí èmi àti ọkọ mi sùn sórí ibùsùn gidi lọ́jọ́ náà, kí n má sì fọ abọ́ kankan.

Lammert máa ń jókòó síwájú kàlẹ́ńdà yẹn ní àràárọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, Evert tó ń gbé ní ilé kejì sí wa wá mu kọfí lọ́dọ̀ wa ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bisikíìtì kan, mo dé agolo padà. Bí Lammert ṣe ń ro kọfí rẹ̀ fún ìgbà kẹta, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

“Jantien,” ó ní, “o ti rí kámpà Evert?”

“Láti oṣù méjì tó ti dí mi lójú ní fèrèsé ilé ìdáná? Báwo ni mi ò ṣe ní rí i?”

“Ẹ̀yìn ń dun Evert lọ́dún yìí, kò lè wakọ̀ jìnnà. Ó ní òun á yá wa ní kámpà náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀fẹ́.”

Tí ẹnikẹ́ni bá ti pe “ọ̀fẹ́” nílé wa, ara ọkọ mi ti yá nìyẹn, kò tún sí ọ̀rọ̀ tó lè wọ etí rẹ̀. Evert náà gbè é lẹ́sẹ̀.

“Ẹ lè dúró níbi tó bá wù yín,” ni Evert wí. “Tí ẹ bá rí odò, ẹ dúró. Tí ẹ bá rí òkè, ẹ dúró.”

“Tí mo bá rí abọ́ ìdọ̀tí ńkọ́?” mo bi í.

Evert bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ife rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ sí i nínú ẹ̀.

“Ìwọ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa,” Lammert ní. “Ibùsùn ilé àlejò yẹn, ta ló mọ ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá? Ta ló mọ irun ẹni tó wà lórí ìrọ̀rí?”

“Ibùsùn Evert ńkọ́?”

“Àwa mọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Evert ni.”

“Mo ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn o,” ni Evert wí.

“Lammert, mo ti gba yàrá fún ọjọ́ kọkànlá. O ti rí i. O ń rí i lójoojúmọ́.”

“Kí la fẹ́ fi yàrá ṣe nígbà tó jẹ́ pé a gbé yàrá dání? A ó máa wò ó.”

Nílé wa, “a ó máa wò ó” ni “rárá” tí wọ́n wọ kóòtù fún. Ṣùgbọ́n mo gbà. Ọ̀nà Grado náà ni a jọ ń lọ, tí a bá sì ti dé ibẹ̀, mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ yàrá mi lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò fẹ́ wọ ibẹ̀ nìkan. Ta ló ń ṣe ogójì ọdún ìgbéyàwó ní òun nìkan?

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Lammert fi di ẹrù. Ó gbé àpò ọ̀dùnkún méjì wọlé, kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbé odidi wàràkàṣì roboto kan wọlé, àti kọfí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti ìgò ẹ̀pà lílọ̀ tí mi ò tilẹ̀ ka iye rẹ̀. Ó so kẹ̀kẹ́ wa méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ká tapólì tí a máa ta síwájú, ó kó irinṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ lé e lórí, bí ẹni pé wọ́n ti ní kó wá tún ilé ṣe fún wọn ní Italy.

“Ṣé wọn kì í jẹun ní Italy ni?” mo bi í.

“Wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n a ò mọ oúnjẹ wọn. Ọ̀dùnkún tiwọn máa ń yọ̀ bí ọṣẹ.”

“Àga mẹ́rin fún ènìyàn méjì ńkọ́?”

“Tí àlejò bá yà wá ńkọ́?”

Nílé wa ní Ommen gan-an, ẹni tí kò bá pe fóònù ṣáájú, Lammert kì í ṣílẹ̀kùn fún un.  Ó fa rọ́bà omi láti ilé ìdáná, ó bu omi kún táǹkì ọkọ̀ dé ẹnu, nítorí pé omi Ommen ni omi. Báàgì kékeré kan tí ọwọ́ kan lè gbé ni tèmi. Mo ká aṣọ búlúù mi kan sínú rẹ̀ fún ọjọ́ kọkànlá.

A gbéra ní ọjọ́ keje oṣù kẹfà. Ibikíbi tí a bá ti dúró sùn, Lammert á mú igi ìwọ̀n rẹ̀ jáde, èyí tí omi wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dọ́gba. Á gbé e sílẹ̀ nínú ọkọ̀, á jáde lọ ki pákó bọ abẹ́ táyà, á padà wá wò ó, á tún jáde. Wákàtí kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà á jókòó, á ní ó ti rẹ òun. Èmi á gbé ọpọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ abọ́ ní Jámánì, mo sì ń ka ọjọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a ti wọ Austria, ó ku díẹ̀ kí a dé Villach, nígbà tí ọlọ́pàá obìnrin kan na ọwọ́ sí wa lójú ọ̀nà. Ó ní kí a gun orí òṣùwọ̀n ńlá kan tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀. Ara Lammert balẹ̀. Ó ní kí n wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn létòlétò.

Ọlọ́pàá náà wo ìwé, ó wo òṣùwọ̀n, ó wá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ wa tó ti fẹ́ ẹ̀ máa wọ́lẹ̀.

“Bàbá, ọkọ̀ yín wúwo jù,” ó ní. “Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ kílò ni òfin gbà fún un. Tiyín fi ọgọ́jọ lé. Ẹ máa já nǹkan sílẹ̀ kí ẹ tó lè kúrò níbí.”

“Kí n já kí ni sílẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ kó, bàbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi.”

Lammert bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Omi Ommen ṣàn lọ sínú gọ́tà àwọn ará Austria, ọkọ mi sì dúró tì í títí ó fi kán tán, ó ká fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n tún wọn ọkọ̀. Ó ku àádọ́rin kílò.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀. Àpò ọ̀dùnkún méjì, àádọ́ta kílò nìyẹn. Tí ó bá fi wàràkàṣì àti àga méjì tí àlejò kankan kò ní jókòó lé kún un, ó ti parí, a ti ń lọ. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo pa ẹnu mi mọ́, mo ní kí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Lammert yí ọkọ̀ ká. Ó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, ó ní wíwúlò rẹ̀ pọ̀. Ó fọwọ́ kan tapólì, ó ní ti Evert ni. Ó wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀dùnkún, ó fọwọ́ pa àpò náà lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ.

“Jantien,” ó ní, “a ò ní rí irú èyí níbẹ̀ o.”

Inú bí mi. Kì í ṣe ìbínú aláriwo, tèmi máa ń tutù nini ni. Mo yíjú sí ọlọ́pàá náà.

“Ọmọ mi, tí èmi bá sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yin fúnra yín, màmá?”

“Èmi àti báàgì mi.”

Ojú ti obìnrin náà díẹ̀. “Ó lè tó, ó lè má tó. Ṣé ẹ rí i, mi ò lè bi yín pé ẹ̀yin...”

“Kílò mọ́kànléláàádọ́rin ni mí,” mo ní.

Mo sọ ọ́ sókè. Awakọ̀ tírélà méjì tó wà lẹ́yìn wa gbọ́ ọ. Lammert náà gbọ́ ọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, nítorí ọgọ́ta-ó-lé-díẹ̀ ni mo ti ń pe ara mi fún un láti ìgbà tí a ti bí Wieke.

“Mọ́kànléláàádọ́rin?” ó ní.

“Báàgì ò sí nínú ẹ̀.”

Mo gbé báàgì mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wọn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì wọ inú ohun tí òfin gbà. Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn pé èmi gan-an ni ẹrù tó lé. Ọlọ́pàá náà ní “ó ti dára báyìí”, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọkọ mi nígbà tó sọ ọ́. Ó ní àwọn ń lọ sí apá ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Villach, àwọn á gbé mi dé ibẹ̀.

Lammert tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọkọ̀ ọlọ́pàá. “Jantien, má ṣe irú eré yìí.”

“Ṣé o fẹ́ já ọ̀dùnkún sílẹ̀?”

Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn àpò náà. Bóyá ó máa dáhùn, mi ò mọ̀. Wíwò tó wò wọ́n yẹn ti pẹ́ jù fún mi, mo ti ti ilẹ̀kùn.

Nínú ọkọ̀, mo bi ọlọ́pàá náà bóyá irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀.

“Bíà ni wọ́n sábà máa ń já sílẹ̀, màmá,” ó ní. “Lẹ́ẹ̀kan, ọkùnrin kan já ẹ̀rọ ìgékoríko sílẹ̀. Ìyàwó ò tíì sí níbẹ̀ rí.”

Mo dé Grado kí oòrùn tó wọ̀. Norina ni wọ́n ń pe obìnrin onílé àlejò náà, ó kúrú, ó ju àádọ́rin ọdún lọ, ó sì ń sọ èdè Jámánì bíi tèmi, ìyẹn ni pé kò gbọ́ ọ dáadáa, nítorí náà a yé ara wa. Ó ní yàrá mi ti ṣófo ṣáájú ọjọ́ kọkànlá, ó mú mi gun òkè. Yàrá náà kò tóbi. Aṣọ ibùsùn ti gbó, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní. Mo ṣí fèrèsé, òkun wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ lórí fóònù. Mo dùbúlẹ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, nǹkan tí mi ò ṣe rí.

Fóònù mi dún. Lammert ti dé ọgbà àgọ́ kan lẹ́yìn ìlú. Ohun tó kọ ránṣẹ́ ni: “Mo ti dé. Ọkọ̀ ti dọ́gba.”

Mo fèsì pé: “Òkun náà dọ́gba.”

Ní ọjọ́ kejì, Norina gbé kọfí wá fún mi, ó gbé búrẹ́dì wá, bọ́tà, jáàmù. Mo jẹ, mo mu. Bí mo ṣe ń dìde báyìí ni mo kó ife àti abọ́ mi, mo ń wá ilé ìdáná. Norina gbà á lọ́wọ́ mi.

“Ẹ jókòó, màmá,” ó ní. “Ilé mi ni.”

Mo jókòó, omijé sì bọ́ lójú mi, nítorí ife kọfí kan ṣoṣo. Mi ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Kí n má purọ́, mo gbádùn ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nídìí tábìlì, mo ti fi búrẹ́dì tó ṣẹ́kù ṣe oúnjẹ ọ̀sán, mo wé e sínú pépà, bí gbogbo àwa ará ìlú wa ṣe máa ń ṣe ní ilé àlejò tí ẹnikẹ́ni ò bá wò wá. Ìgbà tí mo dé etí òkun tí mo tú u ni mo rí i pé méjì ni mo wé. Ọwọ́ mi ló ṣe é, èmi kọ́. Mo wo ìkejì yẹn títí. Mo wá fi ìbínú jẹ ẹ́.

Lammert kò wá lọ́jọ́ náà. Èmi náà kò lọ. Ọgbà àgọ́ tó wà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lórí kẹ̀kẹ́, mo sì mọ̀ pé ó jókòó síwájú kámpà, àga mẹ́ta òfìfo yí i ká, ó ń jẹ ọ̀dùnkún. Ìdajì ibùsùn tó ṣófo ń wò mí. Mo sọ fún ara mi pé tí ó bá fi di àsìkò kọfí ní ọjọ́ kọkànlá tí kò wá, a jẹ́ pé mo ti rí ibùsùn mi gbà, mo sì ti sọ ẹni tí mo gbà á fún nù. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ fi ìyẹn ṣe àwàdà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, mo wọ aṣọ búlúù mi. Mo jókòó sídìí fèrèsé. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù mẹ́wàá. Kò pẹ́ sí i ni Norina pariwo láti ìsàlẹ̀.

“Màmá Jantien, ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọpọ́n.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Lammert dúró síbẹ̀ lóòótọ́, ó gbé ọpọ́n rọ́bà wa sí ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe máa ń gbé e, ó sì fi aṣọ ìnubọ́ bò ó. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó so àpò ọ̀dùnkún kan sápá ọ̀tún, ó so ọ̀kan sápá òsì. Ó ṣí aṣọ náà kúrò. Àwọn abọ́ wa ló wà níbẹ̀.

“Mo fọ̀ wọ́n,” ó ní.

“Mo rí i.”

“Ìlà gùn níbi ìfọbọ́. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ní, ìyàwó yín ńkọ́? Mo ní wọ́n já a sílẹ̀ ní Austria, ọkọ̀ ló wúwo. Ó ní kí lẹ wá gbé wá síbí? Mo ní ọ̀dùnkún.” Ó gbé ọpọ́n náà lọ sí ìbàdí kejì. “Gbogbo ìlà ló bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó kàn mí tí mo ki ọwọ́ bọ omi, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́.”

Mo mú abọ́ kan nínú ọpọ́n, mo yẹ̀ ẹ́ wò.

“Láti oṣù kejì ni mo ti ń ka ohun tí o kọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, ó máa kọjá lọ.” Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó. “Jantien, omi yẹn ò gbóná.”

“Mo mọ̀.”

“Ogójì ọdún?”

“Ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án.”

Lammert gbé ọpọ́n sílẹ̀. Ọkọ mi kì í bẹ ènìyàn, mo rò pé ó máa ní a ó máa wò ó. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní, “Dárí jì mí. Ṣé àyè ṣì wà lórí ibùsùn yẹn?”

Ọkàn mi ti rọ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀ lásán.

“Ó dá lórí bí o ṣe wúwo tó,” mo ní. “Kílò mélòó ni ẹ́?”

Ó wo Norina. Ó wo àwọn obìnrin àlejò méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó sọ nǹkan kan sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

“Mi ò gbọ́.”

“Kílò mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún,” ó ní, gbogbo ilé sì gbọ́.

“Kí ló ń sọ?” Norina bi mí.

“Ẹrù la ń wọ̀n,” mo ní. “Ó kéré sí ohun tí òfin gbà. Ẹ jẹ́ kó wọlé.”

Ọ̀dọ̀ Norina ni ọ̀dùnkún náà kú sí. Ó sè é, ó gún un, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná títí ó fi léfòó. Ó fi bọ́tà àti ewé olóòórùn dídùn sí i. Abọ́ mẹ́ta ni Lammert jẹ. Ó ní ó dùn nítorí pé ọ̀dùnkún wa ni. Nígbà tó di abọ́ kẹta, ó gbà pé ó lè jẹ́ ọwọ́ obìnrin náà. Ó dìde láti fọ abọ́, Norina lé e jáde kúrò nílé ìdáná, ó wá dúró sáàárín yàrá bí ẹni tí kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Mo sọ fún un pé béèyàn ṣe ń sinmi nìyẹn, pé ó máa mọ́ ọn lára.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo lajú, ó ti dìde jókòó. Ó gbé igi ìwọ̀n rẹ̀ lé etí ibùsùn náà, ó tẹjú mọ́ omi inú rẹ̀.

“Ó dọ́gba,” ó ní. Ó yà á lẹ́nu gidi gan-an. Ó sùn padà títí di agogo mẹ́sàn-án, lórí ìrọ̀rí tí a ò mọ ẹni tó ti sùn lé e rí.

Ọjọ́ mẹ́rin sí i la lò níbẹ̀. A jọ wọ kámpà Evert padà sílé, ọkọ̀ fúyẹ́, àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi òṣùwọ̀n yẹn, Lammert rọra wakọ̀ kọjá, ó nawọ́ di ọwọ́ mi mú títí a fi kọjá rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó dá wa dúró.

Ọjọ́ kẹta tí a délé ni mo rí i. Mo jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo gbé ojú sókè wo kàlẹ́ńdà, kí n wo ọjọ́ ìbí tó kàn. Irú kàlẹ́ńdà yẹn kì í ní ọdún nínú. Ohun tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀, lọ́dọọdún ló ń padà wá. Lábẹ́ “Grado. Ibùsùn.” tí èmi kọ, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ìlà kan kún un, ó sì fi rúlà fa ìlà sí i nídìí kí ó lè dọ́gba: “Jantien ni ká kọ́kọ́ gbé. Tí àyè bá ṣẹ́kù, ọ̀dùnkún.”